Kí O Tó Fọwọ́ Kan Àwọn Dísìkì Ọsibítù Yẹn

Fèyíṣayọ̀ ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà nínú ilé tuntun rẹ ní Amúwo? Ṣé omi ń yọ dáadáa? Ṣé o ti so nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí mo rà fún ọ, àbí ó ṣì wà nínú láílọ́ọ̀nù? Mo mọ̀ pé bí o bá rí ìwé tó nípọn báyìí láti ọwọ́ mi, àyà rẹ á já. Má jẹ́ kó já. Kò sẹ́ni tó kú. Ara mi le, ẹ̀jẹ̀ ríru mi kò sì ga ju bó ṣe máa ń ga lọ. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ ni mo fẹ́ sọ, àti ti nǹkan tí ẹ fẹ́ ṣe ní Sátidé, àti ti ọ̀rọ̀ kan tí mo ti ń fi pamọ́ fún ọ láti ìgbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Mi ò pè ọ́ lórí fóònù nítorí mo mọ ara mi, mo sì mọ ìwọ náà. Mi ò ní tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí wàá fi sọ pé “Dádì, mo ti gbọ́.” Èmi náà á ní ó dáa, màá sì gbé fóònù sílẹ̀ láìsọ ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an. Ìwé sàn. Ìwé kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ni lẹ́nu. Èmi fúnra mi ni màá mú un wá sí géètì ilé rẹ ní Ọjọ́bọ̀, màá fún ọlọ́dẹ, màá sì yára padà sí Festac, nítorí mi ò fẹ́ kí o kà á lójú mi.

Jẹ́ kí n rán ọ létí ohun tí o sọ. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, o jókòó sídìí tábìlì níbí, o ń jẹ ìrẹsì, o wá sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ìtàn lásán.

“Dádì, Sátidé yìí la fẹ́ tún àwọn dísìkì ọsibítù tò o. Ààyè ti kún. Bọ̀dá Rẹ̀mí ní ká yọ méjì, ká fi ńláńlá rọ́pò wọn, ká wá tún gbogbo ẹ̀ sẹ́ẹ̀tì látìbẹ̀rẹ̀.”

Mo ní, “Ṣé ẹ ti da gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ kọ síbòmíràn?”

O bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. “Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Réèdì ni, wọ́n so wọ́n pọ̀. Bọ̀dá Rẹ̀mí ní dísìkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ti ara wọn lẹ́yìn. Tá a bá ti yọ méjì sílẹ̀, bákáàpù, ìyẹn ẹ̀dà, ti délẹ̀ nìyẹn.”

Ọmọ mi, ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi. O rò pé ata ló há mi lọ́fun, o sáré lọ bu omi wá. Kì í ṣe ata. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu mi mọ́. Mo ń rìn láti pálọ̀ dé kíṣìnnì, mo ń rìn padà, mo sì ń ronú lórí ohun tó wà nínú àpótí kọ̀ǹpútà tí àwọn dísìkì yẹn wà: orúkọ àwọn aboyún, irú ẹ̀jẹ̀ tí olúkúlùkù ní, àwòrán egungun tó ṣẹ́, ọmọ tí abẹ́rẹ́ kan kò bá lára mu. Bí ìwé ọmọ yẹn bá sọnù, tí nọ́ọ̀sì kò rí i mọ́ pé kí wọ́n má fún un ní abẹ́rẹ́ náà ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ kẹta rẹ níbi iṣẹ́ rè é. Bọ̀dá Rẹ̀mí ló bá ọ sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi gbà ọ́, òun ni ọ̀gá rẹ, àgbà sì ni nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ó túmọ̀ sí pé o ò ní lè bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èmi ti ṣubú, Àbẹ̀kẹ́. Ẹ̀yìn ni mo ń wò tí mo fi ń kọ̀wé yìí. O kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, èmi sì jẹ́ ayàwòrán lásán, bàbá tó fi kámẹ́rà tọ́ ọ dàgbà nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré lẹ́nu kílóòsì wa, òpópónà tí ilé wa wà. Ohun tí o kà nínú ìwé, ọwọ́ ni èmi fi kọ́ ọ. Nítorí náà, bí mo bá ń sọ ohun tí o ti mọ̀, fara dà á fún mi. Kà á tán.

Èkíní. Dísìkì ìbejì kì í ṣe ẹ̀dà. Kọ ọ́ sára ògiri bí o bá fẹ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fíìmù sílẹ̀ tí mo bọ́ sídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n bá mi so dísìkì méjì pọ̀, pé ohunkóhun tí mo bá gbé sórí ọ̀kan, èkejì á gbé e pẹ̀lú. Inú mi dùn. Mo ń fi wọ́n yangàn fún àwọn oníbàárà. Lọ́jọ́ kan mo ń pa àwọn nǹkan tí mi ò nílò mọ́ rẹ́, ni ọwọ́ mi bá ṣèèṣì pa gbogbo fọ́tò ìgbéyàwó ọmọbìnrin kan láti Satellite Town rẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣebí èkejì wà. Mo ṣí èkejì, ó mọ́ fó. Ohun tí o bá pa rẹ́ lára Táyé, lójú ẹsẹ̀ náà ni Kẹ́hìndé ti pa á rẹ́. Bí dísìkì kan bá kú, èkejì á gbà ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ bá ṣì í ṣe, àwọn méjèèjì ló máa bá ọ ṣì í ṣe.

Mo lọ bẹ tọkọtaya náà. Wọ́n tún aṣọ wọn wọ̀, mo sì tún wọn yà lọ́fẹ̀ẹ́. Ikùn ìyàwó ti yọ díẹ̀ nígbà yẹn, mo ní kó máa gbé òdòdó síwájú. Títí dòní, bí mo bá rí ọkọ rẹ̀ ní Trade Fair, á máa pè mí ní “Bàbá Òdòdó.” Mo rẹ́rìn-ín ẹ̀ nígbà náà, mi ò kọ́ ọgbọ́n kankan níbẹ̀. Ká ní mo kọ́gbọ́n ni, bóyá ǹ bá má kọ èyí tó kù.

Ìkejì. Kí o tó tú ohunkóhun, da gbogbo ohun tó wà nínú àpótí náà kọ sórí ohun mìíràn tí kò sí nínú àpótí náà rárá. Gbogbo ẹ̀ ni mo wí, má ṣe yọ “èyí tó ṣe pàtàkì” nìkan. Ta ló sọ fún ọ pé o mọ èyí tó ṣe pàtàkì? Nígbà tí ẹ bá dà á kọ tán, ẹ gbé e kúrò ní yàrá yẹn. Bó bá ṣeé ṣe, kó kúrò nínú ọgbà ọsibítù pàápàá, kó wà níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà kò ní tó o.

Lẹ́yìn náà, ṣí i. Èyí ló wà lọ́kàn mi jù. Ẹ̀dà tí a kò tíì ṣí wò kì í ṣe ẹ̀dà, ìrètí ni. Gbé e sórí kọ̀ǹpútà mìíràn tí kò mọ àpótí yẹn rí, kí o sì pe nọ́ọ̀sì kan tó ń lò ó lójoojúmọ́. Ní kó wá ìwé aláìsàn kan tó ti pẹ́, kó wá ti àárín, kó wá ti àná. Kó ka ohun tó wà níbẹ̀ sí ọ létí. Má ṣe wo iye fáìlì kí o sọ pé ó pé. Fáìlì lè pé kó má ṣí. Mo ti rí i.

Ìkẹta, kí o tó yọ dísìkì kankan, fún un ní nọ́ńbà. Ẹ ní pílásítà nọ́ọ̀sì ní ọsibítù yín, gé e wẹ́wẹ́, kọ nọ́ńbà sí i, lẹ̀ ẹ́ mọ́ dísìkì, kí o sì lẹ irú rẹ̀ mọ́ ihò tí dísìkì náà ti jáde. Ya fọ́tò rẹ̀. Kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú: èyí wà níbí, òun àti èyí ni ìbejì. Bí wọ́n bá ti wà lórí tábìlì tán, wọ́n jọ ara wọn bí ẹyin inú kéréètì, kò sì sẹ́ni tó lè fi ojú lásán mọ èwo ni èwo. Bí ẹnì kan bá ń yọ ọ́, kí ẹlòmíràn máa kọ ọ́. Kí ẹni tó ń yọ ọ́ má sọ pé òun á rántí.

Ti iná ńkọ́? O mọ bí iná Amúwo ṣe rí. Títún dísìkì tò kì í ṣe iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó lè gba gbogbo ọ̀sán, bí iná bá sì lọ lágbedeméjì, ẹ ti wọ gàù. Má ṣe gbọ́ ti ẹni tó bá ní ínfátà wà. Báàtìrì rẹ̀ ti pé ọdún mélòó? Ní kí wọ́n dán an wò lọ́jọ́ Jímọ̀, kí epo sì kún inú jẹnẹrétọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Bí ẹ ò bá tíì ṣe tán ní Sátidé, Sátidé mìíràn ń bọ̀. Kí ààyè kún fún ọ̀sẹ̀ kan sí i kò tíì pa ẹnikẹ́ni.

Mi ò mọ nọ́ńbà tí mo dé mọ́. Jẹ́ kí n kúkú sọ ìtàn náà fún ọ, nítorí gbogbo ìmọ̀ràn yìí, inú rẹ̀ ni mo ti ń yọ wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó sì ti ń sú mi láti máa fi wọ́n yí ọ̀rọ̀ ká.

Ìgbà tí o pé ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ìyá rẹ ti fi wá sílẹ̀ lọ sọ́run láti ọdún méjì ṣáájú. Àpótí dísìkì kan wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, dísìkì mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi ti yín gan-an. Gbogbo iṣẹ́ mi wà níbẹ̀: ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ìsìnkú àwọn àgbà. Fódà kan sì wà tí mo pè ní “Ilé.” Ìyá rẹ ló wà nínú rẹ̀. Mo ti ń ya Morẹ́nikẹ́ láti ọjọ́ tí a ti pàdé. Mo yà á nígbà tó lóyún rẹ tó dúró létí kánàlì, tó ń bínú pé kí n má yà á nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Mo yà á nígbà tó ń di irun rẹ. Mo ní fídíò tó ti ń pè ọ́ láti kíṣìnnì, tí ìwọ ò dáhùn, tó wá fi oríkì rẹ pè ọ́ tí o fi sáré lọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni.

O ti bi mí rí, o sì ti bi mí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, pé báwo ni ilé ayàwòrán ṣe wá jẹ́ ilé tí kò ní ju fọ́tò ìyàwó kan ṣoṣo lọ, èyí tó wà ní pálọ̀. Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni pé fọ́tò oníbàárà là ń tẹ̀ jáde. Ti ara wa, ọ̀la ni mo máa ń sọ. Ìdáhùn kejì ni mo fẹ́ sọ yìí.

Àpótí náà kún. Mo ránṣẹ́ pe Ẹ̀gbọ́n Gàníyù, ẹni tó kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà, tó fi bí ọdún méjìlá jù mí lọ. Èèyàn dáadáa ni. O lè rántí wọn, àwọn ló máa ń mú gúgúrú wá fún ọ. Wọ́n dé ní ọ̀sán, wọ́n wo àpótí náà, wọ́n ní kò le. Wọ́n ní ká yọ dísìkì méjì, ká tọ́jú wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dà, nítorí ìbejì ni wọ́n. Ká wá nu méjì tó kù, ká fi méjì tuntun kún un, ká tún wọn tò kí ààyè lè gbòòrò. Bó bá tán, ká da ohun tó wà lórí ẹ̀dà padà sínú rẹ̀. Wọ́n yọ èkíní àti èkejì, wọ́n fi táwẹ́ẹ̀lì wé wọn, wọ́n gbé wọn sórí ṣẹ́ẹ̀fù.

Nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ká kọ́kọ́ ṣí méjì yìí wò ná, bóyá àwọn nìkan lè ṣiṣẹ́?”

Wọ́n wò mí láti orí gíláàsì wọn. “Ta ló kọ́ ẹ ní kọ̀ǹpútà?”

“Ẹ̀yin ni, sà.”

“Ẹn-ẹ́n. Ó dáa bẹ́ẹ̀.”

Wọn ò jágbe mọ́ mi o, wọn ò bú mi. Wọ́n kàn wò mí ni, ojú sì tì mí, pé èmi ọmọ àná fẹ́ máa kọ́ ọ̀gá mi níṣẹ́. Dípò kí n tún béèrè, mo gbé ọwọ́ lé àpótí náà, mo gbàdúrà. Mo fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bò ó, mo ní kí Ọlọ́run pa gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ mi mọ́. Mùsùlùmí ni Ẹ̀gbọ́n Gàníyù, àmọ́ wọ́n ṣe àmín pẹ̀lú mi, tọkàntọkàn. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà béèrè lọ́wọ́ wa pé gbogbo ohun tó wà lórí àwọn dísìkì yìí máa parẹ́, ṣé a gbà? Wọ́n ní, “Tẹ̀ ẹ́.” Mo tẹ Bẹ́ẹ̀ni. Ìka tèmi ni, Fèyí. Ìka ọwọ́ ọ̀tún mi.

Nígbà tó di pé ká da ẹ̀dà padà, wọ́n tú táwẹ́ẹ̀lì, wọ́n ki dísìkì méjèèjì bọ inú àpótí, wọn ò sì ṣí. Ṣé o ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Ìbejì ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n èkíní àti èkejì gan-an ni ìbejì ara wọn. Ìdajì gbogbo nǹkan ló wà lára wọn, ìdajì kan náà. Ìdajì kejì wà lára ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin, àwọn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Ńṣe ló dà bí ẹni tó fa gbogbo ewé Bíbélì rẹ̀ ya ní ìbú, tó wá tọ́jú apá òkè lọ́nà méjì, tó sì fi apá ìsàlẹ̀ dáná. Kò sí fọ́tò kan tó pé nínú wọn.

Ẹ̀gbọ́n Gàníyù jókòó sórí àpótí ìjókòó tí àwọn èèyàn máa ń jókòó lé ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Wọ́n ṣí fìlà wọn. Wọ́n ní, “Mo rò pé...” Fún ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi ń mú oríṣiríṣi onímọ̀ wá, tí wọ́n ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá wa wò ó. Pàbó ló já sí. Mi ò dá wọn lẹ́bi títí di òní. Wọn ò rí ewu náà. Èmi rí i, mo sì dákẹ́ nítorí ọ̀wọ̀.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà ló burú jù.

Òjò pọ̀ ní ọdún yẹn. Omi kún kílóòsì wa, ó gun àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì padà. Kò wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí oníbàárà àkọ́kọ́ dé láti wá gba fọ́tò rẹ̀, mo ní omi wọlé, omi ló ba àpótí jẹ́. Ó gbà á gbọ́. Èkejì náà gbà á gbọ́. Àlàájà kan wá láti Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá, fídíò ìgbẹ̀yìn ìyá rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ìyá náà sì ti kú. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, Bọ̀dá Fọ́tò. Tiyín ló pọ̀ jù. Ọlọ́run á fi èyí tó dáa rọ́pò fún yín.” Obìnrin tí mo ba ohun ìní rẹ̀ jẹ́ ló ń tù mí nínú. Ṣọ́ọ̀ṣì gbé ìrẹsì àti bùláńkẹ́ẹ̀tì wá. A jẹ ìrẹsì náà, èmi àtìwọ. O gbé orí sókè nídìí àwo, o ní, “Dádì, ṣé omi ló gbé fọ́tò Mọ́mì lọ?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ni.

Láti ìgbà náà, bí òjò bá ti ṣú, wàá dìde láìsọ̀rọ̀, wàá kó àwọn ìwé rẹ àti bàtà ìyá rẹ tó kù gun orí wọ́dúróòbù. O ń ṣe é títí o fi wọ sẹ́kọ́ńdírì. Mo ń wò ọ́ láti ẹnu ọ̀nà. Mo mọ̀ pé omi kò gbé nǹkan kan rí nílé wa. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa gbà ọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rù yẹn, mi ò sì sọ ọ́, torí bí mo bá sọ ọ́ fún ọ, o lè sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo yan orúkọ rere mi dípò ìfọ̀kànbalẹ̀ ọmọ mi. Mo tọrọ àforíjì, ọmọ mi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Tèmi kò tíì pé ogún, àmọ́ ó ti rẹ̀ mí.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ Bọ̀dá Rẹ̀mí. Mi ò ní kí o rí i fín. Mi ò bí ọ ní ọmọ tó ń rí àgbà fín. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè, èyí tí òun kò rí, ìwọ lè rí i. Bí ó bá gba kíkúnlẹ̀, kúnlẹ̀. Kí orúnkún wà nílẹ̀, kí ẹnu sì máa béèrè. Sọ fún un pé, “Ẹ má bínú, sà. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kọ́ yín níṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká da gbogbo ẹ̀ kọ síbòmíràn ná, ká jọ ṣí i wò, kí ọkàn mi lè balẹ̀.” Bó bá wò ọ́ bí Ẹ̀gbọ́n Gàníyù ṣe wò mí, tún un sọ. Ibẹ̀ ni èmi ti kùnà, mo béèrè lẹ́ẹ̀kan, mo sì rò pé mo ti béèrè. Bó bá bínú, sọ fún un pé bàbá rẹ ló ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀, fún un ní nọ́ńbà mi, kó wá bínú sí mi. Bó bá kọ̀ jálẹ̀, kọ ọ́ sínú ìwé sí òun àti dókítà àgbà, pé o ti sọ ọ́, kí o sì ká ọwọ́ rẹ kúrò lórí kọ̀ǹpútà náà. Má ṣe jẹ́ kó jẹ́ ìka rẹ ló máa tẹ Bẹ́ẹ̀ni. Bí wọ́n bá tìtorí ìyẹn lé ọ, yàrá rẹ ṣì wà níbí. Iṣẹ́ á tún jáde.

Gbàdúrà, mi ò ní kí o má gbàdúrà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí o bá ti ṣí ẹ̀dà náà wò ni kí o gbà á. Kí o sì ka ìbéèrè tí kọ̀ǹpútà bá bi ọ́ sókè, kí gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá gbọ́ ọ, kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn. Àwọn dísìkì àtijọ́ tí ẹ bá yọ, ẹ má tètè nù wọ́n. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, títí tí àwọn nọ́ọ̀sì kò fi ní wá ohun kan tì.

Bó bá sì ṣẹlẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, pé nǹkan bàjẹ́ lẹ́yìn gbogbo èyí, má ṣe wá omi tàbí iná tàbí ayé tí wàá dì í rù. Lọ bá dókítà àgbà ní wákàtí yẹn gan-an, sọ pé èyí la ṣe, èyí ló sọnù, kí wọ́n lè tètè tún béèrè ohun tó yẹ lọ́wọ́ àwọn aláìsàn kí ẹnikẹ́ni tó gba abẹ́rẹ́ tí kò yẹ kó gbà. Ìtìjú ọjọ́ kan ni. Èyí tí mo yàn kò tíì tán lára mi.

Mo mọ̀ pé bí o ti ń ka ibí yìí, o lè ti máa sunkún, o sì lè máa bínú sí mi. Ó tọ́ sí ọ. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má pè mí ní Ọjọ́bọ̀, má pè mí ní Jímọ̀. Ohun tí o fẹ́ ṣe yẹn fẹ́ orí tó balẹ̀, ẹ̀mí àwọn ọmọ ọlọ́mọ ló wà nínú àpótí náà. Gbé ọ̀rọ̀ èmi àti ìyá rẹ tì ná. Ṣe iṣẹ́ rẹ láṣeyọrí. Bó bá di Sọ́ńdè, kí o wá sílé, kí o wá bá mi jà. Màá jókòó, mi ò ní gbèjà ara mi. Bí o bá sì jà tán, bi mí ní ohunkóhun tí o bá fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀, bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, bó ṣe ń pè ọ́. Inú orí mi nìkan ló kù sí, mo sì ti ń darúgbó.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀ títí o fi máa kanlẹ̀kùn.